Káàdì Parí ní Oṣù 15: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọmọdé ní Sẹ́ńtà Ìjọba àti ní Ọsibítù Aládàáni

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sẹ́ńtà, ń ṣe fún ọmọ tí ohunkóhun ò ṣe: abẹ́rẹ́ àjẹsára, wíwọn ọmọ, wíwo bó ṣe ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ibà mú ọmọ kọ́ nìyí. A ó wo àyẹ̀wò tí àwọn ọsibítù aládàáni ń tà fún àwọn òbí pẹ̀lú, torí ibi tí ti ìjọba bá dákẹ́ sí ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ ìbí títí dé oṣù 9, sẹ́ńtà dára ju bí àwọn tí kò débẹ̀ rí ṣe ń sọ ọ́ lọ. Láti oṣù 15 sókè, kò sẹ́ni tó ń retí ọmọ yín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó dára ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ inú ètò ìjọba, ìtò rẹ̀ sì gún. Lọ́jọ́ ìbí, BCG fún ikọ́ ife ní apá òsì, òògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ẹ̀kán méjì sẹ́nu, àti abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tó yẹ kó wọ ara ọmọ kí wákàtí 24 tó pé. Ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, penta, tó kó àjẹsára àrùn márùn-ún pọ̀, ń wọ itan òsì, PCV, ti òtútù àyà, ń wọ itan ọ̀tún, wọ́n á kán ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àti ti rota sẹ́nu. Rota ni ti ìgbẹ́ gbuuru, ọdún 2022 ló wọ ètò wa. IPV, ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gún, máa ń bá PCV gbé itan ọ̀tún ní ọ̀sẹ̀ 6 àti 14, kí àlàfo tó tó 2.5cm wà láàrin ojú abẹ́rẹ́ méjèèjì. Oṣù 9 ni ti èéyí, ibà pọ́njú àti yírùnyírùn. Oṣù 15 ni ti èéyí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ọmọ bá pàdánù ọ̀kan, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tó dúró sí ni wọ́n á ti máa bá a lọ, kí ó ṣáà ti pé ọ̀sẹ̀ 4 sí èyí tó gbà kẹ́yìn. Ìyá tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún pé káàdì ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́ torí ó pẹ́, kó ní sùúrù, kó béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú sẹ́ńtà kan náà.

Ibi tí wàhálà ti máa ń ṣẹlẹ̀ ni BCG, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ má bàa fi ìbínú padà sílé. Ìgò BCG kan wà fún ọmọ 20. Lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú rẹ̀. Omi tirẹ̀ ni wọ́n fi ń pò ó, tí wọ́n bá sì ti pò ó tán, wákàtí 6 péré ló ní kó tó di dídànù. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣí i fún ọmọ 1 mọ̀ pé ìwọ̀n ọmọ 19 ni òun máa dà nù, òun náà ló sì máa kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ọ̀gá máa kà. Nítorí náà ni ẹ fi ń gbọ́ pé, “Màmá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ ò tíì pé.” Ti èéyí àti ti ibà pọ́njú náà rí bẹ́ẹ̀: ìgò ọmọ 10, lẹ́búlẹ́bú, wákàtí 6. Èyí tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá ni ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Olómi ni, ìgò rẹ̀ tí wọ́n ti ṣí ṣeé lò títí di ọjọ́ 28 bí òtútù rẹ̀ bá pé. Àmọ́ bí wọ́n bá ti dá ìyá padà nítorí BCG, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà pọ̀, wákàtí 24 yẹn á sì kọjá lórí ọmọ. Ẹ sọ ọ́ ní ìrọ̀rùn: “Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa fún un ní ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti èyí tí ẹ ń kán sẹ́nu lónìí, a ó padà wá fún BCG.” Wọn kì í sábà kọ̀. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ ti béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí BCG nígbà tí oyún ṣì wà nínú, kí ẹ sì dé kí aago 9 àárọ̀ tó lù.

Ohun kan wà tí òbí lè fojú ara rẹ̀ wò, tí kò sì ní bí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ nínú. Lára ìgò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àmì róbótó kan tí igun mẹ́rin kékeré wà láàrin rẹ̀. Igun mẹ́rin yẹn gbọ́dọ̀ funfun ju òbìrí tó yí i ká. Bó bá ti dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tó ṣú jù ú lọ, ooru ti ba abẹ́rẹ́ náà jẹ́, dídànù ni. Láàrin ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ló yẹ kó wà láti ibi tí wọ́n ti kó o títí dé itan ọmọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe rí nílẹ̀ yìí. Àwọn sẹ́ńtà tó ní fíríìjì olóòrùn ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Níbi tí kò bá sí, àpótí tutù ni wọ́n fi ń gbé e wá láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, èyí ló ń fà á tí wọn kì í fi í gún un lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ìyá kéré, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó léwu jù ti ń wọlé. Penta máa ń mú ara ọmọ gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà. Parasitámọ́ọ̀lù ni ìdáhùn, àmọ́ oríṣi méjì ló wà lórí tábìlì kẹ́míìsì, wọn ò sì jọra. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kán fún ọmọ ọwọ́ sábà máa ń ní 100mg nínú 1ml. Sírọ́ọ̀bù ní nǹkan bí 120mg nínú 5ml, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Èyí ẹlẹ́kàán le ju sírọ́ọ̀bù lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Ọmọ tó wọn 5kg, 50mg ló tó o lẹ́ẹ̀kan: ìlàjì 1ml nínú ti ẹlẹ́kàán, tàbí nǹkan bí 2ml nínú sírọ́ọ̀bù. Ìyá tó bá fi ṣíbí tíì wọn ti ẹlẹ́kàán ti fún ọmọ náà ní 500mg, oògùn àgbàlagbà. Ẹ ka ara páálí. Ẹ má sì fún ọmọ kí ibà tó dé. Bí ara bá gbóná ni.

Ojú abẹ́rẹ́ kò nílò omi gbígbóná, kò nílò ìfọwọ́ra, kò nílò róbù. BCG ní tirẹ̀ máa ń yọ kókó, á di egbò kékeré láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, á ṣọyún díẹ̀, á sì jinná fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àpá. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìpara penisílìn tàbí òrí sí i. Bí àpá ò bá sì yọ, kò sí pé kí wọ́n tún un gún.

Wíwọn ọmọ ni apá kejì iṣẹ́ sẹ́ńtà, ìdajì máàkì ni a fún un. Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sókè, tó ń ka títí dé 25kg, ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ 100g. Kí wọ́n tó gbé ọmọ sínú rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gbé ṣòkòtò òṣùwọ̀n náà kọ́ lófìfo, kí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ sí òdo. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà níhòhò. Pámpáàsì tó kún fún ìtọ̀ nìkan lè lé ní 200g, ìyẹn sì ju ohun tí ọmọ tuntun ń fi kún ara lọ́sẹ̀ kan, tó jẹ́ 150g sí 200g ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n wọn pẹ̀lú pámpáàsì lónìí, tí wọ́n wọn níhòhò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lè dà bí ẹni tó ń rù, kí wọ́n sì ní kí ìyá bẹ̀rẹ̀ mílíìkì agolo láìnídìí.

Ṣùgbọ́n àléébù tó tóbi jù ni pé wọ́n ń kọ nọ́ńbà, wọn kì í fi àmì rẹ̀ sórí ìlà. Ẹ̀yìn káàdì ní àwòrán ìlà ìdàgbàsókè, ibẹ̀ ló sì máa ń ṣófo. Ẹ wo ọmọbìnrin kan tó wọn 6.8kg ní oṣù 6, tó wá wọn 7kg ní oṣù 9. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà nìkan, kò sí ohun tó burú: 7kg kò tíì bọ́ sábẹ́ ìlà ewu. Àmọ́ ọmọbìnrin tó wà láàrin gbùngbùn máa ń ti 7.3kg dé 8.2kg láàrin àkókò yẹn. Nǹkan bí 900g ló ń fi kún un, tiwa fi 200g kún un. Ìlà rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, nǹkan kan sì ń ṣẹlẹ̀: oúnjẹ ògì lásán tí kò ní ẹ̀wà tàbí ẹja nínú, ìgbẹ́ gbuuru tí kò tán, tàbí àìsàn tó fara pa mọ́. Ojú ìwé yẹn gan-an ni àyẹ̀wò. Nọ́ńbà tó dá dúró kò ju àkọsílẹ̀ lọ. Ẹ mú báírò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi àmì kan sí i, tàbí kí ẹ fi í síbẹ̀ fúnra yín. Ìwọ̀n yípo apá tiẹ̀ yá ju gbogbo rẹ̀ lọ: téèpù aláwọ̀ mẹ́ta ni, fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5. 12.5cm sókè, àwọ̀ ewé, ara ọmọ dáa; kó má tó 11.5cm, pupa, ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Gígùn ọmọ, ẹ má fọkàn sí i púpọ̀ bó bá jẹ́ téèpù télọ̀ ni wọ́n fi wọn ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀. Pátákó ni wọ́n ń lò fún un, ènìyàn méjì ló sì ń mú ọmọ.

Ohun tí wọn kì í wò rárá pọ̀. Bí àpẹẹrẹ, kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni, ọwọ́ tó gbóná, kí a mọ̀ bóyá méjèèjì ti sọ̀kalẹ̀. Èyí tí kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ ní oṣù 6, ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé rí i, kì í ṣe kí a dúró dìgbà tó bá fẹ́ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Ojú náà ńkọ́? Bí ẹ bá ya fọ́tò ọmọ pẹ̀lú iná, tí ẹyinjú kan ń pọ́n tí èkejì ń tàn funfun bí ojú ológbò, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Jẹjẹrẹ ojú lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn, dókítà ojú ló yẹ kẹ́ ẹ gbà lọ láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Ọmọ oṣù 9 tí kò tíì lè dá jókòó, ọmọ oṣù 18 tí kò tíì rìn, ọmọ oṣù 18 tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó nítumọ̀: àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ kọjá láìbéèrè. “Ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀” ni gbólóhùn tó ti fi ọ̀pọ̀ adití pa mọ́ títí wọ́n fi pé ọdún 4. Àyẹ̀wò etí ló ń ṣáájú sùúrù.

Ó wá di oṣù 15, èéyí ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé, àwọn àpótí inú káàdì sì tán. Láti ìgbà yẹn, ohun tí ìjọba ṣì ń ṣe kò ju ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ lọ, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: fítámì A, kápúsù aláwọ̀ búlúù fún ọmọ oṣù 6 sí 11, pupa fún ọdún 1 sí 5, wọ́n á gé ẹnu rẹ̀, wọ́n á fún omi inú rẹ̀ sẹ́nu ọmọ, àti oògùn aràn, albendazole 400mg, ìdajì fún ọmọ tó ti pé ọdún 1 àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2. Kí ẹ fọ́ tàbúlẹ́ẹ̀tì náà fún ọmọ kékeré o, kó má gbé e mì lódindi, kó má bàa há a lọ́fun. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé níbẹ̀, dókítà ọmọdé ń retí ọmọ lọ́dọọdún láti ọdún 3 títí dé 21. Àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ìwé pupa tí wọ́n ń kọ ìlera ọmọ sí àti nọ́ọ̀sì tó máa ń wo ọmọ ní nǹkan bí ọdún 2 àti ààbọ̀. Nílé, ẹ̀yin òbí lẹ máa rántí. Ẹ mú ọjọ́ ìbí ọmọ, ẹ fi ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó rọrùn láti rántí ju oṣù tí sẹ́ńtà bá yàn lọ.

Ibẹ̀ ni ọsibítù aládàáni ti wọlé pẹ̀lú páálí àyẹ̀wò wọn, pàápàá ní oṣù August àti September tí ilé ìwé ń béèrè fọ́ọ̀mù. Ẹ ka àkójọ náà kí ẹ tó sanwó. Widal, ìyẹn àyẹ̀wò taifọ́ọ̀dù, fún ọmọ tí kò ní ibà, ẹ yọ ọ́ kúrò: ó lè gbé nọ́ńbà sókè fún ẹni tí taifọ́ọ̀dù kò tiẹ̀ ṣe, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le lọ sílé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Àyẹ̀wò ibà fún ọmọ tí ara rẹ̀ tutù, bákan náà. Àwòrán àyà fún ọmọ tí kò húkọ́, tí kò rù, tí kò gbé pẹ̀lú ẹni tó ní ikọ́ ife, owó lẹ ń sun. Èyí tó tọ́ sí owó yín ni ìtọ̀, nítorí ṣúgà àti prótéènì, àti nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí, èyí tó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá bí ọmọ bá ń wẹ̀ lódò. Àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kọ PCV. Ẹ ṣọ́ra níbí: PCV orí káàdì àjẹsára jẹ́ abẹ́rẹ́ òtútù àyà, PCV orí ìwé láàbù jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Òbí ti sọ fún dókítà rí pé “ó ti gba PCV mẹ́ta”, wọ́n sì fo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ti láàbù má dín sí 33 fún ọmọ kékeré, kó tó 36 fún ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù.

Jínótáìpù ni wọ́n ń tà jù, òun náà ni àṣìṣe rẹ̀ ń dunni jù. Lábẹ́ ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ní láàbù àdúgbò, tí iná ń fa ẹ̀jẹ̀ lórí pépà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó ṣì kún fún irú tó ti inú oyún bọ̀, èyí sì ń bo S mọ́lẹ̀. AS lè jáde bí AA. Nítorí náà, èsì tí wọ́n ṣe kí ọmọ tó pé oṣù 6, ẹ tún un ṣe. Ọmọ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára láàrin oṣù 3 tàbí 4 sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn lẹ máa kà. Àyẹ̀wò HPLC, èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe, àti àwọn onípépà kékeré bíi HemoTypeSC ń ríran ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ṣeé lò fún ọmọ tuntun pàápàá. Bí àwọn òbí méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹ má dúró de oṣù 6 rárá: ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí. Ọmọ tó bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ penisílìn lójoojúmọ́ ní nǹkan bí oṣù 2 sí 3 títí di ọdún 5, ó sì yẹ kí wọ́n máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́dọọdún láti ọdún 2, kí rọpárọsẹ̀ má bàa dé bá a lójijì. Bí ẹ bá wá ń mọ jínótáìpù ọmọ ní ìgbà tó fẹ́ wọ JSS 1, gbogbo ìyẹn ti kọjá.

Ojú: ìwé lẹ́tà ara ògiri ni wọ́n ń lò, mítà 6 ló sì yẹ kó wà sí ọmọ àyàfi tí wọ́n bá kọ 3 sí i. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbé ọmọ súnmọ́ ọn torí yàrá kéré. Wọ́n ń jẹ́ kó fi ìka bojú, ó sì ń yọjú láàrin ìka. Àtẹ́lẹwọ́ ló yẹ, láìtẹ ẹyinjú. Èyí tó sì burú jù, àwọn ọmọ ń tò sí iwájú rẹ̀, tí ẹni kẹwàá bá fi máa dé ibẹ̀, ó ti há ìlà náà sórí látẹnu àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé, lẹ́tà E tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síbí sọ́hùn-ún ni wọ́n ń fi hàn án, kó máa fọwọ́ tọ́ka.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, láti ọdún 3 sókè. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ọn lápá: bó bá jẹ́ ti àgbàlagbà lára ọmọ ọdún 6, nọ́ńbà á wálẹ̀ ju bó ṣe rí lọ; bó bá sì fún un jù, á lọ sókè. Láti ọdún 13, 130/80 sókè yẹ kí wọ́n tún wò lọ́jọ́ mìíràn, lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ti ọ̀dọ́langba ló kù díẹ̀ káàtó jù lọ níbi gbogbo. Sẹ́ńtà jẹ́ bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń ké lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 15 kò ní jókòó síbẹ̀. Dókítà tó bá mọṣẹ́ á ní kí òbí jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó lè béèrè nípa nǹkan oṣù, sìgá, oorun, ìbànújẹ́ ọkàn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Bí ó bá ní kí ẹ jáde, ẹ jáde. Kì í ṣe àbùkù.

Abẹ́rẹ́ HPV nìkan ni ohun tuntun tó kàn wọ́n nínú ètò ìjọba, ó sì tọ́ sí ìyìn. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń dènà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀fẹ́, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Oṣù October 2023 ló dé Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun. Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara gbà á nínú ìpele kejì ní May 2024. Kì í ba ilé ọmọ jẹ́, ilé ọmọ gan-an ló ń dáàbò bò. Kí ọmọ jẹun kó tó gbà á, kó sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀, torí òòyì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn. Káàdì tí wọ́n bá fún yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá sì ti pé 15 kó tó gbà á ti jáde nínú ètò náà. Ọsibítù aládàáni ṣì lè gún un fún un, àmọ́ àpò yín ló máa san án.